Báírò Ìbíjọkẹ́ àti Ọ̀lẹ Èbúté Ìjẹ̀dé

Bí o bá gbé iṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìbíjọkẹ́ ní Sábó, ní Ìkòròdú, kò sí bí o ṣe lè kánjú tó, wàá dúró. Ó máa tẹ ìwé rẹ sórí kọ̀ǹpútà, príńtà máa tì í jáde, o sì máa nawọ́ láti gbà á. Kò ní fún ọ. Ó máa tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó máa fa báírò dúdú yọ láti inú irun rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ àti abẹ́ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé ìpè ìgbéyàwó bá jẹ́ igba, igba náà ló máa fọwọ́ sàmì sí. Mo ti sọ fún un rí pé kó sàmì sí ẹyọ kan, kó fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìyókù. Ó ní ẹ̀rọ máa ń jẹ àmì.

Èmi ni Festus, télọ̀. Pákó kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀ níyà, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kò gbọ́. Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, mo wá háyà ilé sí Ìkòròdú. Ìbíjọkẹ́ ní tirẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó sì lágídí bí ẹja tó ti bọ́ lọ́wọ́ apẹja lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Alámì ni gbogbo Sábó ń pè é.

Bí ọ̀rọ̀ àmì yìí ṣe wọ̀ ọ́ lára nìyí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàbá kan tó ń ta irinṣẹ́ àgbẹ̀ ní kó bá òun tẹ ìwé ńlá kan tí òun máa lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìbíjọkẹ́ tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i: A N TA OKO NIBI. Ọkọ́ ni bàbá ń tà. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró, ó ní eélòó ni wọ́n ń ta ọkọ, pé bí kò bá wọ́n, òun máa mú èyí tí kì í hanrun. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín bàbá yìí fún odidi oṣù kan. Láti ọjọ́ yẹn ni báírò ti wọ inú irun Ìbíjọkẹ́, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2006, nígbà òjò, ó gbé páálí ìwé ìpè kan lọ sí Ìjẹ̀dé, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ fún oníbàárà. Èbúté Ìjẹ̀dé ìgbà náà, pákó orí rẹ̀ ti jẹrà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kẹta, pákó ya, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé títí dé itan, páálí sì bọ́ sómi. Igba ìwé ìpè, iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ méjì, gbogbo àmì rẹ̀ yọ́ sínú ọ̀sà. Àwọn apẹja ló fà á yọ. Nígbà tó dé Sábó, ó ń tiro.

Alájì Láwàl ni káńsù fi ṣe alábòójútó èbúté. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti iṣẹ́ kò rẹ́. Ìgbà mẹ́ta ni Ìbíjọkẹ́ lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ń jẹun lọ́wọ́, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Ní Túsìdeè, ó fi ìwé ìròyìn bojú, ó ń sùn. Ní ìgbà kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní pákó tuntun ti dé tipẹ́, káfíńtà nìkan ló kù tí òun máa ránṣẹ́ sí. Ìbíjọkẹ́ bi í léèrè pé ọjọ́ wo ló máa ránṣẹ́ sí i. Ó ní, “Lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́.”

Ohun tó tẹ̀lé e, àkàrà ló fà á. Mo ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbíjọkẹ́ sì gba ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e lọ́wọ́ mi, torí kì í rí ìwé kó má kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kan lókè òkun ti fi ẹ̀rọ ìṣàwárí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe yẹ̀yẹ́ olóṣèlú kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ èébú kan náà sí ojú ìwé tiwọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ojú ìwé ọkùnrin yìí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ èébú náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ọkùnrin yẹn ni ẹ̀rọ máa gbé jáde. Ẹ̀rọ kò mọ èébú yàtọ̀ sí oríkì. Ohun tí èrò púpọ̀ bá ti wí, ó gbà á gbọ́.

Ìbíjọkẹ́ ka ìwé olóròóró yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Festus, káńsù ní sáìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò Alájì Láwàl wà níbẹ̀.”

Ní gbogbo Sátidé, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Saheed àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n máa ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù Ìbíjọkẹ́. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, kálukú wọn ló sì ní ojú ìwé tó ti ń kọ ohun tó bá wù ú. Ìbíjọkẹ́ kó wọn jọ, ó sọ ìtàn èbúté fún wọn, ó fi ojú ọgbẹ́ itan hàn wọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ kí wọ́n kọ, kí wọ́n sì so ó mọ́ fọ́tò Alájì: ọ̀lẹ.

Mo pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi pé, “Ọ̀lẹ lásán kò tó! Ọ̀lẹ paraku ni kí ẹ kọ!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn gan-an. Ẹ ò gbọdọ̀ bi mí léèrè ohun tó wà nínú báàgì lẹ́yìn mi nígbà náà. Ṣòkòtò Alájì Láwàl ni, tó kó wá fún mi láti ìgbà Iléyá, oṣù méje sẹ́yìn, tí mo ń sọ fún un pé Fúráìdeè ló máa jáde.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Saheed tẹ ọ̀rọ̀ méjì yẹn sínú ẹ̀rọ, Alájì Láwàl sì yọ sí wa lókè pátápátá, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí apá kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, ará òdìkejì títì sáré wá wò ó bóyá iná ló ń jó wa. Kaféè íńtánẹ́ẹ̀tì kan sọ fún kaféè kejì. Àwọn èèyàn ń fi í ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù pé, “Lọ tẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Saheed àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ̀lẹ lẹ́nu Ìbíjọkẹ́, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kọ? O, l, e. Kò sí àmì lórí bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀. Ìbíjọkẹ́ fúnra rẹ̀, Ìyá Alámì, wo ojú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, ọ̀lẹ ló sì rí, nítorí ọ̀lẹ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Orí ìwé ni báírò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó sàmì sí nǹkan kan.

Ará ìlú tí kò sí níbẹ̀ kà á bí ojú wọn ṣe rí i: olè paraku. Wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ fúnra wọn. Ṣebí wọ́n ní pákó tuntun ti dé? Pákó dà? Ó ti jí i tà! Ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá, àwa sì jókòó sí Sábó, a ń fi àkàrà mu ògì, a rò pé ẹ̀rín wa ni gbogbo ayé ń rín.

Obìnrin kan ló jí wa lójú oorun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ló wọlé tọ Ìbíjọkẹ́ wá, ó mú ìwé kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ dání, ó dì í mọ́ra. Ó ní Ṣẹ̀rífátù ni orúkọ òun, ìyàwó Alájì Láwàl ti káńsù.

Ó ní, “Ìyá Alámì, wọ́n ní ìwọ ló máa ń fi àmì sí i kó má baà ṣì. Jọ̀ọ́, bá mi tẹ èyí. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ mi máa fojú kan ìgbìmọ̀ tí káńsù gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pákó. Fi àmì sí i dáadáa, torí Ọlọ́run.”

Ìbíjọkẹ́ gba ìwé náà. Ohun tó wà lórí ìlà àkọ́kọ́ ni: Emi ki i se ole.

Ṣẹ̀rífátù jókòó. Kò sunkún, ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọkọ òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Bí ìgbìmọ̀ bá dá a lẹ́bi, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́ lórúkọ olè.

“Ó lọ kírun ní Jímọ̀ tó kọjá,” ó ní. “Bó ṣe bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àwọn tí bàtà wọn wà nítòsí wá kó tiwọn kúrò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà o. Ó yí padà wálé láìkírun. Kò tíì jáde láti ọjọ́ náà.”

Ìbíjọkẹ́ tẹ ìwé náà. Nígbà tó dórí àmì, mo rí i láti ojú ihò pákó wa pé báírò dúró lórí ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó fi àmì sí i: olè. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Bó ti lọ tán, Ìbíjọkẹ́ wọlé tọ̀ mí wá. “Bọ̀ọ̀dá Festus, ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe?”

“Mo gbọ́. Ta ló mọ̀ pé àwa ni? Ẹ̀rọ kò ní ẹnu. Àti pé káńsù ló ń gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù wá fún ọ. Jókòó jẹ́ẹ́ rẹ.”

“Ọ̀lẹ ni mo pè é. Mi ò pè é lólè.”

“Ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jókòó.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí oòrùn fi wọ̀ ọ́ lára, ó ń pè wọ́n jáde ní orúkọ, ó ń kó wọn lọ sí kaféè ibẹ̀ láti pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Mẹ́tàlá pa á rẹ́. Saheed, tó jẹ́ olórí wọn, ti gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ṣe ẹ̀dà yẹ̀yẹ́ náà sójú ìwé tiwọn, ó lé ní ogójì. Ìbíjọkẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Alájì Láwàl ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lókè pátápátá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tó dé, ó ní ọ̀nà kan ló kù. Òun máa lọ bá ìgbìmọ̀.

Mo bá a lọ ní Ọjọ́bọ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ bá a gbé báàgì. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ fèrèsé, mo ń yọjú wo inú yàrá. Òun wọlé.

Àwọn mẹ́ta ló wà lórí ìjókòó ìgbìmọ̀, Ìyáàfin Mọ́fẹ́yìsára ni alága wọn. Alájì Láwàl dúró níwájú wọn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, Ṣẹ̀rífátù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ kí wọn, ó ní òun ní ẹ̀rí. Ó tẹ́ ìwé kan síwájú alága, ìwé tí ó tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí fọ́tò Alájì wà lórí rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ òkè yìí.”

“Olè paraku,” ni alága kà. “Ohun tí gbogbo ìlú ń kà náà nìyẹn.”

Ìbíjọkẹ́ fa báírò yọ láti inú irun rẹ̀. Ó fi àmì sí abẹ́ o, ó fi sí abẹ́ e, ó fa ìlà kékeré kan sí orí o. “Ẹ tún un kà, mà.”

Alága gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. “Ọ̀lẹ paraku.” Akọ̀wé tó jókòó sí igun kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ta ló ṣe yẹ̀yẹ́ yìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ àti ta?”

Mo mọ ẹni tó sọ paraku. Ó tọ́ kí n dìde lórí bẹ́ńṣì yẹn, kí n wọlé, kí n ní èmi náà wà níbẹ̀. N kò dìde. Ojú ń tì mí di òní tí mo ń sọ ọ́ yìí.

“Èmi nìkan,” ni Ìbíjọkẹ́ wí.

Alága ní kó kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì. Ó kúnlẹ̀ síwájú Alájì Láwàl pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. “Ẹ foríjì mí, sà, nítorí olè. Mi ò ní in lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ti jáde, èmi ni mo kó ìtìjú bá yín. Ẹ̀yin náà, mà, ẹ foríjì mí.” Ó sì dìde.

“Ọ̀lẹ ńkọ́?” ni alága béèrè. “O ò ní tọrọ àforíjì ìyẹn?”

“Mi ò lè kúnlẹ̀ fún ìyẹn, mà. Itan mi ló wọ inú ihò èbúté.”

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ gbá tábìlì. Ó ní àmì báírò kì í ṣe ẹ̀rí, pé ẹnikẹ́ni lè fa ìlà síbi tó bá wù ú. Ó kọjú sí Alájì. “Bí o kì í bá ṣe olè, pákó dà?”

Alájì Láwàl ń yí fìlà po lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọkùnrin yìí ti mọ ìdáhùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè é lólè, pé ẹnu rẹ̀ ni kò gbé e. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Pákó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì mi,” ó ní. “Láti ọdún méjì sẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni màá ránṣẹ́ sí káfíńtà.” Ó kọjú sí alága. “Òótọ́ ni arábìnrin yìí ń sọ, mà. Ọ̀lẹ ni mí. Mi ò kì í ṣe olè.”

Gbogbo wa tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, èmi náà dìde nígbà náà. Pákó wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ pé. Koríko ti hù bò ó. Okùn tí wọ́n fi dì í wá láti sọ́míìlì ṣì wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó tú u rí, adìẹ kan sì ń sàba lé ẹyin lórí rẹ̀. Alága wo adìẹ, adìẹ náà wò ó.

Wọ́n dá a láre lórí ọ̀rọ̀ olè. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un lórí ọ̀lẹ, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún èbúté ṣe. Ní ti Ìbíjọkẹ́, káńsù kò gbé iṣẹ́ wá fún un mọ́. Mo ní ṣebí mo sọ fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ fún òun, ó sì ń bá àmì rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, Alájì Láwàl fúnra rẹ̀ wá sí Sábó. Ìyẹ̀fun pákó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ìka rẹ̀ kan wú níbi tó ti fi òòlù lù ú. Ó ní èbúté ti parí, òun àti káfíńtà ni àwọn jọ kàn án. Ó wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

“Tẹ ọ̀rọ̀ yẹn kí n wò ó. Mi ò tíì fojú ara mi rí i.”

Ìbíjọkẹ́ tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò rẹ̀ yọ lókè pátápátá. Ó wò ó títí.

“Kò tíì kúrò?”

“Ó máa kúrò, sà. A ti ń pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn máa ń pẹ́ kó tó gbọ́.”

“Ẹ̀rọ yín náà, ọ̀lẹ ni,” ni Alájì wí, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí Ìbíjọkẹ́. “Yá mi ní báírò yẹn.”

Ó tẹ̀ síwájú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó fi báírò tẹ gíláàsì lábẹ́ o, ó tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ e. Ó dá báírò padà fún un pé kó fi tòkè sí i, pé òun kò mọ ibi tí wọ́n ń fà á sí. Ìbíjọkẹ́ fà á. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, fọ́tò náà kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ yẹn kò rí Alájì mọ́. Àmì mẹ́ta wọ̀nyẹn ṣì wà lára gíláàsì títí wọ́n fi ta kọ̀ǹpútà náà fún oníkọ̀ńdẹ̀mù tó ń ra àlòkù, Ìbíjọkẹ́ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí mo ń wí yìí, ara mi kò gbà á mọ́. Mo jáde láti ẹ̀yìn pákó. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Alájì, paraku yẹn, èmi ni mo sọ ọ́.”

Alájì Láwàl wò mí láti òkè délẹ̀. “Ṣé o rò pé mi ò mọ̀?” ó ní. “Ta ló tún lè mọ ọ̀lẹ débi paraku, bí kò ṣe ọ̀lẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣòkòtò mi dà?”

Mo ṣí ẹnu láti sọ pé Fúráìdeè ni. Ìbíjọkẹ́ gbójú sókè, ó wò mí, báírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yí padà wọlé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Alájì gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó jókòó, ó ń dúró, mo sì rán ṣòkòtò náà parí lójú rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì.